Ẹ̀rọ Dé Gbọ̀ngàn Ìdánwò Kí Ó Tó Dé Kíláàsì

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ìgbà pípẹ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ojú ewé Yorùbá inú ìwé ìròyìn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa yìí. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa, ìbáà ṣe Yorùbá, ìbáà ṣe Haúsá, ìbáà ṣe Nupe tàbí Ìgbò, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni a jọ ń ṣe. Ṣùgbọ́n èdè tí mo fi ń ronú ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, kí ó lè dé ibi tí mo fẹ́ kí ó dé.

Ìtàn olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Ghana ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Richard Appiah Akoto. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan ní Sekyedumase, ní agbègbè Àṣáńtì. Ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ni ó ní láti kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé náà tí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ kàn. Kí ni ọkùnrin yìí wá ṣe? Ó mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi, ó sì ya ojú kọ̀ǹpútà sí ara pátákó ìkọ̀wé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ya àwọn àpótí kéékèèké tí ó tò lọ lókè, ó ya ibi tí a ń tẹ̀ bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúdú ketekete, ó ya ibi tí a ń tẹ̀ bí a bá fẹ́ fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀, ó sì ya ojú ewé funfun tí ó wà ní àárín. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń yà á sínú ìwé wọn bí ẹni ń ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà.

Àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ yìí, tí ó fi sí orí Facebook, tàn ká gbogbo ayé. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ Microsoft, tí ó ni ètò tí ó yà sí ojú pátákó náà, pè é lọ sí Singapore níbi tí àwọn olùkọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti pé jọ, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn aláàánú fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ìwé rẹ̀ lọ́rẹ. Gbogbo ènìyàn ni ó yìn ín, èmi náà sì yìn ín, nítorí pé olùkọ́ gidi ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn náà tí àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fiyè sí. Kí ló dé tí olùkọ́ yìí kò fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kí ó wá ohun mìíràn kọ́ àwọn ọmọ? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí a óò bi wọ́n nínú ìdánwò tí ọmọ fi ń jáde ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ghana. Àwọn aláṣẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ọmọ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ náà kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ìdánwò ti wọlé, ẹ̀kọ́ ṣì wà lọ́nà. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó wá ń fi ṣọ́ọ̀kì dí àlàfo tí ó wà láàrín méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, n kò sì ní fi igbá bò ó: ní Nàìjíríà wa yìí pàápàá, a gbé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sí gbọ̀ngàn ìdánwò kí a tó gbé e sí kíláàsì. Ẹ̀yìnkùlé ni a gbà wọ ilé náà. Mo gbà pé àìdáa ni ó jẹ́ sí ọmọ tálákà, mo sì gbà pé àwa olùkọ́ kò gbọdọ̀ máa wò ó níran.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìdánwò tí ó ń mú ọmọ wọ yunifásítì. Ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ JAMB sílẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, ìwé àti pẹ́ńsùlù ni a fi ń ṣe ìdánwò yìí. Ní ọdún 2013 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà ṣe é fún àwọn kan. Nígbà tí ó fi di ọdún 2015, ìwé ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Ọmọ tí kò bá lè jókòó níwájú kọ̀ǹpútà kò lè ṣe ìdánwò náà mọ́. Ọdún 2 péré! Ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì mélòó ni iná mànàmáná wọ̀ láàrín ọdún 2 yẹn? Mélòó ni ó rí yàrá kan kọ́, tí ọmọ lè wọ̀ kí ó fi ìka tẹ kíbọ́ọ̀dù wò? Ẹ má sì ṣe rò pé àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kéré níye. Ní ọdún 2025, àwọn tí ó jókòó fún ìdánwò náà ju 1,900,000 lọ.

Ìdánwò náà fúnra rẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ń wá ọ̀nà kiri. Ìbéèrè 180 ni. 60 nínú rẹ̀ jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù sì ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 2 ni a fún ọmọ láti dáhùn gbogbo rẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó bọ́ sí fún ìbéèrè kan. Nísinsìnyí, ẹ wo ọmọ tí ó mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ohun kékeré tí wọ́n ń pè ní eku kọ̀ǹpútà, tí ó ń lé ọfà kékeré kan káàkiri ojú ẹ̀rọ bí ẹni ń lé adìẹ nínú àgbàlá. Kí ó tó rí i mú, 40 ti pé. Ìwé lórí ìṣúná tàbí ìtàn ni a sọ pé a fi ń dán an wò. Ohun tí a dán wò gan-an ni bóyá bàbá rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà nílé.

Kí n má ba à parọ́ mọ́ àjọ náà, àwọn pẹ̀lú mọ̀ pé ìṣòro yìí wà. Wọ́n ṣe ètò kan tí ọmọ fi lè pa eku náà tì, kí ó sì lo bọ́tìnì 8 péré: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti sọ pé òun ti ṣe tán, àti R bí ó bá yí ọkàn padà lórí pé òun ti ṣe tán. Ìrònú rere ni èyí. Mo ti rí olùkọ́ kan tí ó gé páálí bísíkíìtì sí wẹ́wẹ́, tí ó kọ lẹ́tà 8 náà sí i lára, tí ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ tábìlì fún àwọn ọmọ rẹ̀. Yóò ka ìbéèrè sókè, àwọn ọmọ yóò sì tẹ páálí. Nígbà tí mo rí i, ọkàn mi lọ sí Sekyedumase. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Bí ẹ̀rọ bá wá ṣe àṣìṣe ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, èsì ìdánwò yìí jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ sì gba máàkì tí ó ya àwọn olùkọ́ wọn lẹ́nu. Ariwo ta. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, a rí i pé àtúnṣe kan tí ó yẹ kí a ṣe sí ètò inú kọ̀ǹpútà ni a kò ṣe tó bí ó ti yẹ, ọ̀ràn náà sì kan ibùdó ìdánwò 157 ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn ọmọ tí ó fara gbá a jẹ́ 379,997. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà àjọ náà nígbà náà jáde sí gbangba, ó gba ẹ̀bi, ó tọrọ àforíjì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. A ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà tí ó lè jẹ́wọ́ ní gbangba. Irú wọn kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ohun tí ó ń dùn mí ni ti ọjọ́ mélòó kan tí ó wà láàrín èsì àti ìjẹ́wọ́ náà. Bí ìbéèrè bá fà ya lórí ìwé, ọmọ yóò rí i, yóò na ọwọ́ sókè, olùṣọ́ ìdánwò yóò sì wá wò ó. Bí inú ẹ̀rọ bá dàrú, ta ni yóò rí i? Ọmọ yóò gbà pé òun ni olódo. Mélòó nínú àwọn ọmọ náà ni bàbá wọn nà ní ọ̀sẹ̀ yẹn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀rọ ṣẹ̀?

Èyí tí ó tún ń bọ̀ wúwo ju ti JAMB lọ. Àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, tí ó sì ń ṣe ìdánwò fún Nàìjíríà, Ghana, Sierra Leone, Gambia àti Liberia, bẹ̀rẹ̀ sí lo kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà ní ọdún 2024 fún àwọn olùdánwò tí kò sí ní ilé-ìwé mọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ni ìbéèrè wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n fi kọ àwọn ìdáhùn gígùn. Ní ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé kí ìdánwò WAEC àti ti NECO di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá bí ọdún 2026 bá dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí wé ti JAMB. Ohun tí JAMB ń béèrè kò ju pé kí ọmọ mú lẹ́tà kan nínú mẹ́rin. Bí a bá wá sọ fún ọmọ pé kí ó tẹ aáyan àròkọ, kí ó tẹ ìtumọ̀ àyọkà, kí ó sì tẹ ìṣirò pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, irú ọmọ wo ni yóò yege? Ọmọ tí ń fi ìka kan wá lẹ́tà bí adìẹ tí ń ṣa àgbàdo nínú iyanrìn yóò ti gbàgbé ìparí gbólóhùn rẹ̀ kí ó tó tẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tán.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi. Wọn yóò ní ẹ̀rọ ti dín magomágo kù. Òótọ́ ni. Àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rántí ìgbà tí a ń ta ìbéèrè ìdánwò ní òru ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdánwò bí ẹni ń ta àkàrà. Kò rọrùn láti jí ìbéèrè wò mọ́ nígbà tí ó jẹ́ pé bí a ṣe tò ó fún ọmọ kan kọ́ ni a tò ó fún èkejì rẹ̀. Wọn yóò tún sọ pé èsì kì í pẹ́ jáde mọ́, àti pé ayé ti yí, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a padà. Mo gba gbogbo rẹ̀. N kò sọ pé kí a dá ẹ̀rọ padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe é. Ìbéèrè mi ni pé, èwo ni ó yẹ kí ó ṣáájú? Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ ìlùwẹ̀ẹ́, ṣé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dà á sínú odò ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ?

A kò sì lè sọ pé ìnira náà pín dọ́gba. Ọmọ ìgboro tí òbí rẹ̀ rí owó san ti jókòó níwájú ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ó sì ti dán ìdánwò náà wò ní ìgbà mẹ́wàá kí ọjọ́ tó pé. Ọmọ abúlé yóò wọ ìlú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ku ọ̀la, yóò sùn sí ọ̀dọ̀ ẹbí tí kò mọ̀ dáadáa, yóò jí ní ìdájí, yóò máa béèrè ọ̀nà ibùdó ìdánwò lọ́wọ́ ọlọ́kadà, ibẹ̀ ni yóò sì ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láyé rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni a óò fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n.

Kí á má sọ pé àwọn ìjọba kò gbìyànjú rárá láti kó ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní ọdún 2007, a kó kọ̀ǹpútà kéékèèké, aláwọ̀ ewé òun funfun, wá sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima lẹ́bàá Abuja, lábẹ́ ètò kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ tí wọ́n ní ẹyọ kan kò ní ju dọ́là 100 lọ. Iye rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì kí ó tó dé ọjà, ètò náà kò sì tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2013, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn púpọ̀, nítorí pé ó rán wa létí ọpọ́n tí babaláwo fi ń wádìí ohun tí ó pamọ́. Mo sì fẹ́ràn bí a ti kó àwọn ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò fi di dandan kí ọmọ ra dátà kí ó tó lè kàwé. Ní ọdún 2024, Ààrẹ ilẹ̀ Ghana nígbà náà ṣí ètò kan láti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ 1,300,000 fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Ohun rere ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ayẹyẹ ọjọ́ ìpínfúnni ni ó máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Níbo ni ọmọ yóò ti fi iná sí i? Ta ni yóò tún un ṣe bí ojú rẹ̀ bá fọ́? Olùkọ́ tí yóò lò ó nínú kíláàsì, ìgbà wo ni a kọ́ òun náà? Bí ìpinnu bá wà lọ́wọ́ mi, nínú náírà 10 tí ìjọba bá fẹ́ ná lórí ẹ̀rọ, mo lè ná 4 lórí olùkọ́ àti lórí iná kí n tó ra ẹyọ kan.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ tí ó wúlò jù kì í ṣe èyí tí ó dé gbẹ̀yìn. Nígbà tí àrùn Ebola ti àwọn ilé-ìwé Sierra Leone pa ní ọdún 2014, rédíò ni ìjọba ibẹ̀ fi ń kọ́ àwọn ọmọ títí ilé-ìwé fi ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, wọ́n tún padà sídìí rédíò kan náà, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Rédíò kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe fáàrí mọ́. Ṣùgbọ́n ó wà ní ilé ìyá àgbà, òkúta bátìrì méjì tó fún un, kò sì béèrè dátà.

Ẹ jẹ́ kí á wá yí ojú sí àwa olùkọ́ fúnra wa, nítorí pé ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí bá wa náà sọ̀rọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Edo láti ọdún 2018, àti ní Kwara láti ọdún 2022, ọwọ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ sí. Àwọn kan ti kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ láti ibòmíràn, olùkọ́ yóò sì máa tẹ̀ lé e. Fún olùkọ́ tuntun, tàbí fún ẹni tí kì í múra sílẹ̀ kí ó tó wọ kíláàsì, èyí sàn ju kí ó máa ṣe ohun tí ó bá bọ́ sí i lẹ́nu lọ. N kò ní ṣàì sọ ìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí nípa ọdún kẹwàá. Ẹni tí ó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láti àárọ̀ di ọ̀sán fún ọdún 10, ṣé yóò tún mọ bí a ti ń wo ojú ọmọ kí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò yé e?

Ní sáà ìdánrawò tí ó kọjá, mo lọ wo ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Kíláàsì kẹrin ni ó ń kọ́, ẹ̀kọ́ nípa àwọn ìgbà inú ọdún. Nóòtì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Ó kọ ọ́ sí ojú pátákó pé ìgbà mẹ́rin ni ó wà nínú ọdún, pé nínú ọ̀kan ewé igi a máa pọ́n, a sì máa já bọ́, àti pé nínú òmíràn yìnyín a máa bo ilẹ̀ bí òwú. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kìíní ni a wà. Ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ètè àwọn ọmọ ti sán, eruku sì ti bo orí tábìlì. Ọmọbìnrin kékeré kan na ọwọ́ sókè, ó sì béèrè pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ti ọyẹ́. Olùkọ́ wa wo nóòtì rẹ̀ títí. Ọyẹ́ kò sí nínú nóòtì.

Nígbà tí a jáde síta, ó wólẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Fóònù ni mo bi.” N kò bá a wí nítorí pé ó bi fóònù. Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé, ìwé tí a kà kún fún yìnyín, òyìnbó ni ó kọ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó bá àwọn olùkọ́ wa wí. Ohun tí mo bi í ni pé kí ló dé tí kò wo ojú fèrèsé.

Kì í ṣe pé àwọn ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè yìí kò lè ran ọmọ lọ́wọ́. Ní ọdún 2024, Báǹkì Àgbáyé dán ọ̀kan wò ní Benin City pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún kìíní sẹ́kọ́ńdírì àgbà, fún ọ̀sẹ̀ 6, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn tí ó kópa ṣe dáadáa ju àwọn tí kò kópa lọ, pàápàá nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo rí àwọn kan tí ń fi ìròyìn yìí pariwo pé olùkọ́ ti di aláìníṣẹ́. Wọn kò kà á dé ìsàlẹ̀. Àwọn olùkọ́ wà nínú yàrá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ni ó ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà lórí ohun tí wọn yóò bi ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń mú kí wọ́n ronú sí èsì rẹ̀. A ṣe é nínú yàrá tí iná wà, tí kọ̀ǹpútà wà, tí àgbà sì wà. Mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́ta yẹn, kí o sì wò ó bóyá èsì yóò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí pé ojú ewé Yorùbá ni mo wà. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kan fi fóònù kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí pé òun kò lè wá sí kíláàsì nítorí pé “oko mi ti baje.” Mo ronú títí. Ṣé oko bàbá rẹ̀ ni àgbàrá wọ́ lọ ni, tàbí ọkọ́ tí ó fi ń ro ó ni ó ṣẹ́, tàbí ọkọ̀ rẹ̀ ni ó kọṣẹ́? N kò sì fẹ́ ronú kan ọkọ, nítorí pé ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Ọdún 1843 ni Àjàyí Crowther tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1875, àwọn àgbà pé jọ ní Èkó láti fohùn ṣọ̀kan lórí bí a óò ti máa kọ èdè náà. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni a ń fi àtàǹpàkò pa rẹ́ yìí. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ó ní àmì wà tí a lè fi sí orí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà yẹn, n kì í dáhùn lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò bá ní àmì. Wọ́n kọ́kọ́ kùn, nígbà tí ó yá wọ́n mọ̀ ọ́n kọ.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Yàrá kọ̀ǹpútà kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa yìí. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, a sì mọ̀ pé títì ni ó máa ń wà láti ìgbà tí kíláàsì ọ̀sán bá ti parí, nítorí ìbẹ̀rù pé ohun inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí a tì mọ́lé náà ń bàjẹ́. Eruku ọyẹ́ kò nílò kọ́kọ́rọ́. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà wa, mo sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ ohun tí mo béèrè: kí á ṣí yàrá náà láti agogo 4 sí agogo 6 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọmọ sẹ́kọ́ńdírì méjì wá láti àdúgbò, èyí tí kò tíì fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Kí wọ́n jókòó tì wọ́n. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ ara wọn àti orúkọ ìyá wọn, pẹ̀lú àmì bí ó bá jẹ́ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi ìbéèrè ìdánwò sí iwájú wọn, kí wọ́n sì fi aago sí i. Mo ti rí ẹni tí yóò san owó epo jẹnẹrétọ̀ fún oṣù àkọ́kọ́. Èmi ni yóò di kọ́kọ́rọ́ mú ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo ń wá ẹni méjì fún ọjọ́ Wẹ́sìdeè àti Fúráìdeè. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó wá kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé tí mo so mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi.